Ẹ Sọ Kọ̀ǹpútà Yín Lórúkọ



Ní àsìkò òjò tó kọjá, bàbá kan wọ ọkọ̀ láti oko wá sí ọ́fíìsì wa ní Port Harcourt níbí, láti gba ìwé ajílẹ̀ rẹ̀. Iná ti lọ lóru, ó sì ti padà láàárọ̀. Kọ̀ǹpútà tí a kọ orúkọ gbogbo àgbẹ̀ sí ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà akọ̀wé kò rí i mọ́. A ní kí bàbá padà wá lọ́la. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ṣòfò. Ẹ̀bi wa ni, a sì tọrọ àforíjì. Ohun tó fà á kò ju pé nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà ti yí padà. Ẹ̀kọ́ òní ni bí irú rẹ̀ kò ṣe ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kà á fún yín.

Nọ́ńbà àti orúkọ

Ẹ̀rọ Wi-Fi máa ń fún kọ̀ǹpútà, fóònù tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà, bíi 192.168.1.14. Nọ́ńbà yìí dà bí ìjókòó inú ọkọ̀: ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ tó sì tún wọlé lè má bá ìjókòó rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni kì í yí padà nítorí pé a pààrọ̀ ìjókòó.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan wà tó ń tọ́jú ìwé orúkọ. NiRA ló ń bójú tó àwọn orúkọ Nàìjíríà tó parí sí .ng. Nínú agbo ilé ńkọ́? A kì í wá akọ̀wé níbẹ̀. A kàn dúró ní àgbàlá, a ké pé, "Àkàndé dà o?" Gbogbo ilé gbọ́, Àkàndé nìkan ló dáhùn pé, "Èmi rèé, yàrá kẹta."

Bí multicast DNS ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyí. Kọ̀ǹpútà tó ń wá èkejì rẹ̀ yóò ké sí 224.0.0.251, ojú ọ̀nà 5353. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo ètò yìí lórí Wi-Fi kan náà ń fetí sí ibẹ̀. Èyí tó ni orúkọ náà yóò dáhùn, yóò sì sọ nọ́ńbà tó ń lò lọ́jọ́ náà. Àwọn orúkọ wọ̀nyí máa ń parí sí .local.

Ilé-iṣẹ́ Apple mú irú ètò yìí jáde nínú kọ̀ǹpútà wọn ní 2002. Stuart Cheshire àti Marc Krochmal ló kọ ìlànà rẹ̀, RFC 6762, tó jáde ní oṣù kejì 2013. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà bá tán, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò dúró.

Bí a ṣe ń ṣe é lórí Ubuntu

1. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A sọ kọ̀ǹpútà ìwé wa ní aka, nítorí inú àká ni a ń kó ìkórè sí. Ẹ lo lẹ́tà lásán, láìsí àmì ohùn, láìsí àlàfo:
sudo hostnamectl set-hostname aka

2. Ẹ fi Avahi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni a nílò dátà:
sudo apt install avahi-daemon libnss-mdns

3. Ẹ pa á, kí ẹ sì tún tàn án.

4. Ẹ ṣe ìgbésẹ̀ kejì lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé náà, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé:
ping aka.local

Bí ó bá dáhùn, ó parí. Láti ìsinsìnyí, aka.local ni kí ẹ máa kọ síbi tí ẹ ti ń kọ nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà Mac ti ní ètò yìí tẹ́lẹ̀. Windows 10 àti 11 náà mọ̀ ọ́n. Àwọn fóònù Android àtijọ́ kan kò mọ̀ ọ́n.

Bí kò bá dáhùn

Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Igbe yìí kì í kọjá ọgbà. Ẹ wò ó bóyá ààbò kọ̀ǹpútà ti ti ojú ọ̀nà 5353. Bí ẹ̀rọ méjì bá sì ń jẹ́ aka, èyí tó dé kẹ́yìn lè di aka-2. Ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: orúkọ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi wa lè gbọ́ igbe náà, ó sì lè fi orúkọ olórúkọ dáhùn. Ẹ má fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé Wi-Fi, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé mìíràn dáàbò bo ìwé àwọn àgbẹ̀.

Ìbéèrè fún ìdílé

1. Kí ló dé tí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà fi lè yí padà bí iná bá lọ?
2. Ta ló ń dáhùn bí a bá ké sí aka.local?
3. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ fi orúkọ ṣe kọ́kọ́rọ́?

Bí iná bá lọ lóru òní, kí àgbẹ̀ tó bá wọ ọkọ̀ wá lọ́la bá ìwé rẹ̀ nílẹ̀.