Ìwé Kúẹ́rì Nítorí Ọ̀rọ̀ Orí Fóònù

Nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, bí ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ bá ṣẹ̀ yín, ẹnu ni ẹ fi ń sọ ọ́. Ẹ ó sọ ọ́ ní ìdí ẹ̀rọ omi, tàbí nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú á ti rọ̀. Nísinsìnyí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín kọ̀wé sí i. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ kì í bá afẹ́fẹ́ lọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀kọ́ wa òní dá lórí òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ní ìwé kúẹ́rì nítorí ohun tí ó kọ nípa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí ni ó fi ń rán ọmọ méjì nílé-ìwé, òun náà sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé títí ó fi mọ̀wé kọ.

Obìnrin mìíràn wà tí wọ́n jọ ń di búrẹ́dì. Ó pẹ́ tí ẹni yìí ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin wa ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, owó ẹnìkan ni ó sì ń gbà. Inú bí i. Ta ni inú kò ní bí?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti fi orí lé àpò fúláwà, tí ó sùn fọnfọn, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó yọ fóònù, ó yà á ní fọ́tò. Ó gbé fọ́tò náà sí status WhatsApp rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ wá wo ọ̀lẹ. Ó ń sùn, èmi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ owó oṣù nìkan ló máa ń lajú.” Àwọn tó kọ́kọ́ rí i rẹ́rìn-ín. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwa náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Status WhatsApp kì í pẹ́ ju wákàtí 24 lọ tí ó fi ń pa rẹ́. Ohun tí obìnrin wa gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Kò rántí pé ẹni tí ó bá rí i lè ya ojú fóònù tirẹ̀ ní àwòrán, kí ó fi pa mọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti dé ọwọ́ ọmọ obìnrin tí ó ń sùn. Ó ti dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tí ó ń ra búrẹ́dì wọn tà ní ọjà. Oníbàárà yìí pe ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní, “Ṣé orí fúláwà tí ẹ fi ń ṣe búrẹ́dì tí à ń jẹ ni àwọn ènìyàn yín ń sùn sí?” Ó ní òun kò rà mọ́.

Ọ̀gá kò mọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ohun tí ó mọ̀ ni pé oníbàárà ti lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi ìwé kan lé obìnrin wa lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó lè kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí orúkọ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó mú ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà ọkùnrin tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn.

“Bàbá, ẹ gbà mí o. Wọ́n ti lé mi.”

“Ta ló lé ọ? Mú un wá.”

Bàbá kà á, ó sì tú u sí Yorùbá fún un: wọ́n ti gbọ́ pé ó gbé fọ́tò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, pé ó pè é ní ọ̀lẹ, pé ó ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́, kí ó sọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ bá a wí, kí èsì rẹ̀ sì dé láàárín wákàtí 48.

“O wá gbọ́ ọ. Níbo ni wọ́n ti ní àwọn lé ọ?”

“N ò gbọ́ ọ níbẹ̀, Bàbá.”

“Kúẹ́rì nìyí. Ìbéèrè ni. Wọ́n ní kí o sọ tẹnu rẹ.”

“Ṣé kí n ní kì í ṣe èmi? Kí n ní ẹnì kan ló gba fóònù mi lò?”

Bàbá wò ó títí. “Àwọn tó rí i pọ̀ ju búrẹ́dì inú ààrò yìí lọ. Nọ́ńbà rẹ ló wà lórí ẹ̀. Tóo bá purọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ti di méjì. Wọ́n lè fojú fo àkọ́kọ́. Ti irọ́ yẹn ńkọ́?”

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ní ibi yìí. Ẹlòmíràn á fa kúẹ́rì ya. Ẹlòmíràn á dákẹ́, á ní Ọlọ́run mọ ọkàn òun. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n máníjà kò mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá tí ẹ kò fèsì, wọn yóò dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu yín. Àwọn àgbà wa ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.” Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà ti sọ irú rẹ̀ léraléra: ọ̀gá tí ó bá fẹ́ torí ìwà àìdára lé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì jẹ́ kí ó rí àyè fèsì. Bí ọ̀gá bá sì sọ ìdí tí ó fi lé e, ó gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí ìdí náà hàn. Kúẹ́rì ni ẹnu ọ̀nà yín sínú ẹjọ́ náà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín tì í.

Bí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá ní òfin tí ó dáàbò bò ó: ẹni tí ó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un kí ó sì túmọ̀ rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, “Fóònù mi ni, owó mi ni mo fi ra dátà. Kí ló kan ọ̀gá?” Ìbéèrè náà dára. Òfin ìjọba ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò sọ pé ẹni tí a bú kò lè pe ẹjọ́, tàbí pé ọ̀gá kò lè bèèrè ohun tí ó fa á. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní ìpín 84, gbà kí a mú ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wá sí ilé-ẹjọ́ bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, fóònù sì wà lára èyí. Ní Ìlú Ọba, wọ́n lé ọkùnrin kan níṣẹ́ nítorí pé ó bú àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí Facebook, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń mutí ní ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà ní ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ pàjáwìrì. Ó ti tó bí ọdún méjì tí ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó lé e. Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ dá ẹjọ́ náà, ó sì fara mọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìbàdàn. Kí obìnrin wa tó kọ èsì, Bàbá ní kí ó kọ́kọ́ lọ bẹ ẹni tí ó ṣẹ̀. Kò fẹ́ lọ. Ó lọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bú u. Ó kàn sọ fún un pé ọmọ òun ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, pé ìgbà tí ara bá ń ro ó lóru, òun ni òun máa ń bá a jókòó ní ilé ìwòsàn, tí òun á sì gba ibẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́. Ọmọ yìí gan-an ni ó rí fọ́tò náà. Ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ṣé torí mi ni wọ́n ṣe ń pè yín ní ọ̀lẹ?”

Obìnrin wa kò lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó mú bírò, ó sì kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá bá a tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó kọ nìyí:

“Sí Máníjà. Mo gba ìwé yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òótọ́ ni, èmi ni mo ya fọ́tò náà, tí mo sì gbé e sí WhatsApp mi. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń di iye búrẹ́dì tí ó yẹ kí ẹni méjì dì, inú sì bí mi. Ó yẹ kí n ti sọ fún fóòmáànù, ṣùgbọ́n n kò sọ. Mo ti bẹ ẹlẹgbẹ́ mi ní ojúkojú. Mo bẹ ẹ̀yin náà nítorí orúkọ ilé-iṣẹ́ wa. Mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa wo bí iṣẹ́ náà ṣe lè tó ẹni méjì ṣe.”

Ẹ kíyè sí i pé kò fi ìyà tí ó ń jẹ pa mọ́. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ tọ́. Ibi tí ó gbé e lọ ni kò tọ́. Kò sì tú àṣírí àìsàn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó kọ èsì náà ní méjì. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀, ó sì ní kí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí èkejì, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i, kí ó lè fi í pa mọ́ sílé pẹ̀lú kúẹ́rì náà. Bàbá ní kí ó wá ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Òfin kan náà ní kí a fún òṣìṣẹ́ tí ó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, àfi bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá wúwo tó èyí tí a lè torí rẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì lé e láìtọ́, ilé-ẹjọ́ kan wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court. Ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn.

Kò dé ibẹ̀. Wọ́n pè é wọlé, wọ́n bi í ní ìbéèrè, Bàbá sì jókòó tì í. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì fi í sínú fáìlì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fóòmáànù fi ẹnì kẹta kún àwọn tó ń di búrẹ́dì, ó sì yí àkókò iṣẹ́ ìyá ọmọ náà padà sí ọ̀sán. Oníbàárà ọjà kò tíì padà wá.

Àwọn obìnrin méjèèjì ṣì ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀kan bá ń jáde tí èkejì ń wọlé. Wọ́n ń kí ara wọn. Èyí tí ó ya fọ́tò a máa bèèrè àlàáfíà ọmọ. Èkejì a ní, “A dúpẹ́,” a sì kọjá sídìí iṣẹ́ rẹ̀.