Kí Ẹ Tó Bá Wọn Lọ Sógun

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ dà la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Èmi fẹ́ pa á fún àlejò tí wọ́n pè wá gbèjà, nítorí ikú ilé onílé lè pa òun náà.

Ẹ wo Siru Kpera, ọba Níkì ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, tí Yorùbá ń pè ní Ẹlẹ́duwẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1836, Aláàfin Olúewu ránṣẹ́ sí i kó wá bá òun bọ́ àjàgà Ìlọrin lọ́rùn Ọ̀yọ́. Ó kó ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba àwọn ìjòyè Olúewu, Àtìbà pàápàá, pé bí Aláàfin bá ṣẹ́gun tán, àwọn ló kàn. Wọ́n pẹ̀yìn dà lójú ogun. Ogun náà ló pa ọba méjèèjì. Ọ̀yọ́-Ilé dahoro, Àtìbà sì jọba ní Àgọ́ Ọ̀jà, tí í ṣe Ọ̀yọ́ òde òní. Ìjà ààfin yẹn kì í ṣe ìjà ará Níkì, síbẹ̀ orí rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Pyrrhus, ọba Epirus ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ní ọdún 280 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Tarentum pè é sọdá òkun wá sí Ítálì, kó wá bá Róòmù jà. Wọ́n ṣèlérí ọmọ ogun rẹpẹtẹ. Ó kó erin 20 dání; nígbà tó dé, ìwẹ̀ àti àsè ló bá wọn nídìí ẹ̀. Ó ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì, àwọn akọni rẹ̀ sì ṣègbé sí i. Ó kọjá sí Sísílì, ó le mọ́ àwọn ará ibẹ̀ tó pè é, àwọn náà kẹ̀yìn sí i.

Ní Ìlemọnà wa níhìn-ín, ogun wa kò ju ti ààlà oko, ti oyè àti ti ìbò lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ti àwọn lẹ́yìn, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀tá ti lágbára tó. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti wá jókòó sípàdé, tó sì ti dá owó, ni kí ẹ kà. Ìlérí kì í ṣe èèyàn. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta, ohun tí oníkálukú yóò gbà bí ẹ bá borí, torí ohun tó lé àwọn ìjòyè Olúewu sá gan-an nìyẹn. Àwọn kan á ní ojo ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Bí inú bá bí ẹni tó pè yín torí pé ẹ bèèrè àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ sóko yín.