Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Aṣọ Tí A Fi Ń Nu Mọ́tò

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí a bá fọ mọ́tò tán, kí ni a fi ń nù ún? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé, "Àkísà ni." A ó ra ọṣẹ tó dára, a ó pọn omi tó mọ́, a ó fọ mọ́tò náà títí yóò fi máa dán. Lẹ́yìn náà, àkísà tí ọwọ́ wa bá kọ́kọ́ bà ni a ó fi nù ún. Ibẹ̀ gan-an ni ìbàjẹ́ ti ń wọlé.

Mọ́tò kì í ṣe ohun kékeré lọ́wọ́ wa. Dẹ́rẹ́bà ń fi í jẹun. Ẹni tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá títì ń fi iṣẹ́ náà tọ́ ọmọ. Bí ọ̀dà mọ́tò bá ti họ, ẹni tó fẹ́ rà á yóò já owó rẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá sì họ mọ́tò oníbàárà, oníbàárà náà kò ní padà wá mọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ aṣọ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Kí ló dé tí a fi ń nu mọ́tò?

Àwọn kan a máa sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́." Ìyẹn kò dára. Ní ibi púpọ̀, omi kànga a máa ní ohun funfun bí ẹfun nínú, tó ti ara òkúta inú ilẹ̀ yọ́ sínú omi. Òun náà ni ẹ ń rí tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù. Oòrùn lè fa omi lọ, ṣùgbọ́n kò lè fa ohun funfun yìí lọ. Yóò kù sára mọ́tò ní àmì tóótòòtó. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń ṣòro láti fọ̀ kúrò.

Kí ló ń họ ọ̀dà mọ́tò?

Iyanrìn inú aṣọ ni. Ní àsìkò ọyẹ́, atẹ́gùn a máa gbé eruku wá bá wa láti aginjù Sàhárà. Eruku náà kúnná, ṣùgbọ́n iyanrìn wà nínú rẹ̀, iyanrìn sì le ju ọ̀dà lọ.

Láti nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ti ń fi ọ̀dà kan tó mọ́ gaara bí gíláàsì bo ọ̀dà aláwọ̀ mọ́lẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí mọ́tò dán. Ṣùgbọ́n ọ̀dà yìí kò nípọn tó ewé ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí. Ẹ wo mọ́tò dúdú nínú oòrùn. Ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ́ bí òwú aláǹtakùn. Aṣọ ìfọmọ́tò àti aṣọ ìnumọ́tò ló fa púpọ̀ nínú wọn.

Oríṣi aṣọ mẹ́rin

1. Àkísà. Bọ́tìnnì, síìpù àti ojú ìránṣọ rẹ̀ ń họ ọ̀dà. Pọliẹ́sítà wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀wù òde òní, kì í mu omi dáadáa. Ńṣe ló ń ti omi kiri. Ẹ fi àkísà sílẹ̀ fún táyà.

2. Táwẹ̀lì òwú. Ó ń mu omi, ó sì rọ̀ bí ó bá nípọn. Ẹ fọ tuntun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó lò ó, kí ó lè mu omi dáadáa. Bí ó bá ti gbó tó le gbagidi, ẹ má fi kan ọ̀dà mọ́.

3. Awọ ṣámì. Awọ àgùntàn ni, tí wọ́n fi òróró ẹja ṣe. Ó ń mu omi púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tẹ́, kò ní irun tí iyanrìn lè wọ̀ sí. Bí iyanrìn bá kù lára mọ́tò, awọ náà yóò máa wọ́ ọ kiri lórí ọ̀dà.

4. Táwẹ̀lì maikrofáíbà. Àwọn ará Jàpáánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú òwú tín-ín-rín yìí, ní nǹkan bí ọdún 1970. Pọliẹ́sítà àti náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ lè sọ pé, "Ṣebí ẹ ní pọliẹ́sítà kì í mu omi?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwú ti eléyìí tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, omi sì ń dúró sí àárín àwọn òwú náà. Irun rẹ̀ tún ń gbé iyanrìn kékeré kúrò lójú ọ̀dà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni a yàn.

Ẹ ka pépà ara rẹ̀

A ti mọ ìwé kà báyìí, kí ẹnikẹ́ni má fi ọjà burúkú tàn wá. Ẹ wo pépà kékeré tó wà lára táwẹ̀lì. Bí ẹ bá rí "80% Polyester, 20% Polyamide", pọliẹ́sítà jẹ́ 80 nínú 100, náílọ́ọ̀nù jẹ́ 20. Bí ẹ bá rí "400 GSM", ó túmọ̀ sí pé aṣọ náà tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, wọn gíráàmù 400. Èyí tó tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára fún gbígbẹ omi. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ gé pépà náà kúrò, nítorí òun náà lè họ ọ̀dà.

Ẹ tún dán an wò. Ẹ fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ yín: bí ó bá ta yín lára, yóò ta ọ̀dà náà. Ẹ kán omi sórí àwo, ẹ gbé aṣọ lé e, ẹ ka ení dé àrún. Bí àwo bá gbẹ, aṣọ náà ń mu omi.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ ibòji. Láti òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀ lórí ọ̀dà, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́. Ẹ má rin ín mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí aṣọ ara mọ́tò yàtọ̀ sí aṣọ táyà, nítorí eruku irin búréèkì wà lára àgbá táyà.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ kan pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀:

"Ọ̀gá, táwẹ̀lì bọ́ sílẹ̀. Ṣé kí n gbọ̀n ọ́n, kí n máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Rárá o. Gbígbọ̀n kò tó. Jù ú sínú omi ìfọṣọ, kí o mú òmíràn."

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, sà, kò dọ̀tí."

"Iyanrìn tí ojú ò rí ló ń họ mọ́tò. Bí oníbàárà bá dé, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún un, àbí?"

Ọ̀gá yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtọ́jú aṣọ náà

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ maikrofáíbà lọ́tọ̀, kí irun aṣọ òwú má lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sè é, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ má lo oògùn olóòórùn dídùn tí ń mú aṣọ rọ̀. Kì í jẹ́ kí aṣọ mu omi mọ́. Ẹ sá a síbi tí eruku kò sí.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ló ń kù sára mọ́tò bí oòrùn bá gbẹ omi ara rẹ̀?
2. Kí ló dé tí àkísà kò dára fún ọ̀dà?
3. Kí ni "400 GSM" túmọ̀ sí?
4. Bí táwẹ̀lì bá bọ́ sílẹ̀, kí ni ẹ ó ṣe?