Elégédé Ńlá ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Láti Mọ́níyà dé Lálúpọn àti Ẹgbẹ́dá, kò sí ààtàn tí elégédé kò lè hù sí. Gbọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń já fún ọbẹ̀, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọmọ rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù October 2023, wọ́n gbé elégédé kan sórí ìwọ̀n, ó jẹ́ kílò 1,247! Irú tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n èyí tí odidi ẹbí yóò jẹ yó kò ṣòro fún wa.

Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ní oṣù April. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀. Èyí tó ṣì tutù yóò jó gbòǹgbò. Kóró 3 sí ihò kan, kí ihò sí ihò tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí wọ́n bá hù tán, ẹ fi èyí tó lágbára jù nìkan sílẹ̀.

Ibi òdòdó ni a ti ń ṣìnà. Akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bí kò bá so. Abo ni ẹ ó rí ọmọ rógódó lábẹ́ rẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ń ṣí, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti pa dé, oyin ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sára abo. Ní ọdún kan mo ń fọ́n òògùn apakòkòrò sí tèmi láràárọ̀. Ọmọ 9 ni mo kà, gbogbo wọn ló pọ́n, tí wọ́n sì já bọ́. Mo ní iṣẹ́ ọ̀tá ni! Aládùúgbò mi kan ni mo fura sí, ó tó oṣù kan tí n kò kí i dáadáa. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kan ló là mí lójú pé èmi fúnra mi ni mo pa oyin. Mo lọ bẹ ìyá náà. Irúgbìn tirẹ̀ ni mo ń gbìn títí di òní.

Bí oyin bá wọ́n, ẹ já akọ kan láàárọ̀, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, ẹ fi àárín rẹ̀ ra àárín abo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí ìtàkùn bí ẹ bá fẹ́ kó tóbi. Ẹ fi bébà bò ó nígbà tó bá kéré, kí eṣinṣin má baà yé ẹyin sí i, kó di ìdin. Ẹ sì tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí èékánná kò bá lè wọ èèpo rẹ̀ mọ́, ẹ gé e tòun ti igi ìdí rẹ̀, kò ní tètè bàjẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè sí i, NIHORT wà ní Ìdí-Ìṣin, n'Ìbàdàn, láti 1975. Ẹ̀fọ́ àti èso ni iṣẹ́ tiwọn.