Piriton Kì í Pa Iná Aṣọ

Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí ẹni tó ń họra dé ẹnu kẹ́míìsì, tó ní kí wọ́n bá òun já Piriton mẹ́ta. Yóò gbé hóró kékeré pupa rúsúrúsú náà mì, kí wákàtí kan tó pé, ara á ti rọ̀ ọ́. Bó bá di ọ̀la, á tún padà wá. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí lo jẹ, kí lo fi para, ọṣẹ wo lo fi fọṣọ?

Nínú awọ ara wa àti nínú imú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n kó èròjà kan tó ń jẹ́ histamine pamọ́. Bí ara bá pàdé ohun tó kà sí ọ̀tá, ìbáà ṣe edé, eruku tàbí oró oyin, wọn á tú u jáde. Á lọ bá iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan á fẹ̀, omi á máa jò láti inú rẹ̀, awọ á sì wú. Á lọ bá iṣan ìmọ̀lára, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Ojú á ṣomi, èèyàn á máa sín léraléra.

Piriton kì í pa histamine yìí. Ṣe ló ń gba àpótí ìjókòó mọ́ ọn lọ́wọ́, tí histamine á fi dé tí kò ní ríbi jókòó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn tètè lò ó, torí omi tó ti jò sábẹ́ awọ kò ní padà kíákíá. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: ẹni tó mọ̀ pé eruku kì í bá òun lára mu, kó lò ó kó tó gbálẹ̀ yàrá tó ti wà ní títì tipẹ́.

Ẹ rántí ayé klorokúìnì, kí ìjọba Nàìjíríà tó fi oògùn ibà mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2005. Piriton ni wọ́n máa ń kọ mọ́ ọn, torí pé ó máa ń mú kí ara yún ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló fi ara nulẹ̀ mọ́jú. Histamine nìkan kọ́ ló ń fa ìyún yẹn. Bí ohun mìíràn bá ń yún ni, làpálàpá tàbí kòkòrò ara, ẹ wá oògùn tirẹ̀.

Tibi tire la dálé ayé. Histamine kan náà wà nínú ọpọlọ, òun ló wà lára ohun tó ń jẹ́ ká lajú sílẹ̀. Àwọn oògùn àtijọ́ tó ń dènà histamine, bíi Piriton, Phenergan àti Benadryl, máa ń ráyè wọ ọpọlọ, ni oorun fi ń kunni. Loratadine, irú oògùn kan náà tó jẹ́ ti ìgbàlódé, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí awakọ̀ béèrè lọ́wọ́ apoògùn. Ẹni tó bá lo Piriton tó tún mu paraga lé e, kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń fún ìkókó ní Phenergan kó lè sùn, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí ó lè dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́. Ti àwọn àgbà náà tún wà níbẹ̀: àwọn oògùn àtijọ́ yìí ń gbẹ itọ́ lẹ́nu, wọ́n ń fa inú kíkún, wọ́n ń dá ìtọ̀ dúró fún bàbá àgbà, wọ́n sì lè mú kí òòyì gbé ìyá àgbà ṣubú lóru. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú, torí chlorpheniramine tí ẹ bá rí níbẹ̀, Piriton náà ni. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀.

Bí ètè tàbí ahọ́n ẹnikẹ́ni bá wú lójijì, tí èémí ń ṣòro, ọ̀rọ̀ ti kọjá Piriton. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló kàn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.