Oògùn Apako Tí Kì Í Pa Àgbàdo

Tí òjò bá ti rọ̀ bíi mélòó kan ní Nyanya, létí Abuja, ilẹ̀ tó ṣófo á di àwátì. Ẹ̀yìn ilé, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, àlàfo tó wà láàárín fẹ́ǹsì méjì, àgbàdo ti gba gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ tí èpò náà fi ń yọjú: tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, imí eṣú, ewé Akíntọ́lá. Ẹni tó ti àárín Abuja darí dé lálẹ́, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú títì Keffi ti fa agbára rẹ̀ gbẹ, kò tún fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́. Ọjà ló ń gbà lọ láti béèrè oògùn tó máa pa èpò, tó máa dá àgbàdo sí.

Oògùn náà wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni 2,4-D, tó ti wà lórí àtẹ láti nǹkan bí ọdún 1945. Ńṣe ló ń díbọ́n bí èròjà tí ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ fi ń dàgbà. Bó bá bà lé èpò tí ewé rẹ̀ fẹ̀, ìdàgbàsókè èpò náà á dàrú: ọ̀pá rẹ̀ á lọ́, ewé á ká kò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti kú. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì, tí wọ́n bá koríko tan, máa ń là á já, pàápàá bí wọ́n bá fín in nígbà tí àgbàdo kò tíì ga dé orúnkún. Fún ìdí kan náà, ẹni tí ẹ̀kan tàbí gbégi ń yọ lẹ́nu, tó lọ ra 2,4-D, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ewédú, ilá, tòmátì, ata, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ugu, ewé tiwọn náà fẹ̀. Oògùn kò mọ̀ pé ọbẹ̀ ni wọ́n gbìn wọ́n fún. Ní oko ńlá, àyè wà tí atẹ́gùn lè gbé e gbà. Ní Nyanya, fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà láàárín ilé méjì. Atẹ́gùn díẹ̀ á gbé e bọ́ sórí ugu aládùúgbò, sórí aṣọ ọmọ tí wọ́n sá sórí okùn, sínú kànga tí wọn kò dé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí atẹ́gùn kò le, tí òjò kò sì ṣú, ni wọ́n ń fín in, tí wọ́n sì ń rẹ ẹnu ẹ̀rọ ìfínko sílẹ̀ sún mọ́ èpò. Níbi tí kànga tàbí ẹ̀fọ́ bá wà nítòsí, ọkọ́ ló yẹ, tàbí kí wọ́n fọwọ́ fa èpò náà tu. Ebè mẹ́wàá àgbàdo kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ gbé kẹ́míkà wọlé.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó wo ara kẹ́ẹ̀gì dáadáa. Nọ́ńbà àjọ NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ má sì tíì ṣí. Èyí tí wọ́n bù sínú ike omi, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Ó lè jẹ́ paraquat, tí NAFDAC ti fòfin dè láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024: ẹ̀kún ẹnu kan lè pa ènìyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Atrazine, tí àwọn alágbàdo fẹ́ràn, ni òfin tún kàn ní ọdún 2025. Ti 2,4-D fúnra rẹ̀, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé ó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá ń wọn oògùn, tí wọ́n ń pò ó mọ́ omi, ló léwu jù, torí pé ògidì rẹ̀ nìyẹn; tó bá ta sójú, ó lè ba ojú jẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò ìdáàbòbò, bàtà òjò àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn kì í ṣe àṣejù. Kí wọ́n má ṣe fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ará ilé. Kí ọmọdé àti aboyún jìnnà síbẹ̀ títí oògùn á fi gbẹ lára ewé.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tún ni ìṣòro mìíràn, pàápàá níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mérúwà. Ó dùn-ún wò, ó lágbára, àwọn kan á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ epo pupa sí i. Ọṣẹ kò lè fọ oró náà kúrò lára ike tán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí wọ́n ṣan án, kí wọ́n da omi rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ ìfínko, kí wọ́n sì dá a lu kí ó má ṣeé lò mọ́.

Bó bá ta sára, kí wọ́n bọ́ aṣọ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Bí ọmọ bá mu ún, kí wọ́n má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, kí wọ́n má sì ṣe fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì: èébì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí wọ́n pe 112, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Nyanya kíákíá, kí kẹ́ẹ̀gì náà sì bá wọn lọ. Dókítà máa fẹ́ mọ orúkọ oògùn tó wà lára rẹ̀, bí èyí tí ọmọ náà mu ṣe pọ̀ tó, àti aago tó mu ún.