Ìbọ̀sẹ̀ Tó Ti Gbó: Ẹ Wo Òwú Rẹ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Gé E

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí: èyí tó ti luhò ní gìgísẹ̀, àti èyí tó bá ẹrù ọjà Missèbo wá tí kò ní ìkejì.

Púpọ̀ nínú wa ló ń ká irú rẹ̀ láti fi gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ó dáa, àmọ́ ẹ dúró ná. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ òwú gidi, òmíràn jẹ́ nylon tàbí polyester, àdàlù sì pọ̀. Èyí tó jẹ́ nylon máa ń yọ́ bí irin gbígbóná bá kàn án, á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ jáde, ẹ fi irin mú un lórí àwo, níta, kí àwọn ọmọ jìnnà, kí ẹ wá ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, á sì di eérú. Nylon á sún kì, á di kókó líle. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Bí ẹ bá rí kókó pẹ̀lú eérú, àdàlù ni. Ẹ kà á sí nylon.

Òwú nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ gé ẹnu rẹ̀ tó ní rọ́bà kúrò, ẹ là á, kí ẹ to ìpele mẹ́rin léra, kí ẹ rán an. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ nígbà tí ẹ bá ń lò ó, torí omi máa ń tètè gbé ooru dé ọwọ́. Bí iná bá jó yín, ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má sì fa nylon tó bá lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú tí kò luhò dára fún ẹ̀yìn ríro àti inú rírun nǹkan oṣù. Ẹ yan ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ nínú ìkòkò, kó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ so ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ọrùn ọwọ́ yín. Ìṣẹ́jú 15 tó, ẹ má sùn lé e. Kì í ṣe fún ọmọ ọwọ́, kì í sì í ṣe fún onítọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, torí kò ní mọ̀ bó bá ń jó o.

Nylon ńkọ́? Bọ́ọ̀lù! Ẹ ki àwọn yòókù sínú ọ̀kan, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ yí i padà bò ó, ẹ tún lọ́ ọ, títí yóò fi le dáadáa, kí ẹ wá rán an. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ki ìwé ìròyìn bọ̀ ni Pelé fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó wà lọ́mọdé ní Brasil. Lórí iyanrìn etíkun wa níbí, ó ń yí díẹ̀ ni, àmọ́ kì í fọ́ gíláàsì ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tó ń ṣe bèbí, ẹ fi òwú rán ojú rẹ̀. Ẹ má lo bọ́tìnnì, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ tà á, torí ẹ ò mọ ọmọ ọdún mélòó tó máa gbé e sẹ́nu.